Ìbúra Kò Lè Rọ́pò Ẹlẹ́rìí

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba tàbí tó ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ńlá kì í ní ìdààmú púpọ̀ nígbà tí wọ́n bá ní kó mú ẹ̀rí iṣẹ́ rẹ̀ wá. Yóò lọ bá ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá yóò ní kí akọ̀wé tẹ lẹ́tà: ọjọ́ tó wọṣẹ́, ipò tó wà, ohun tó ń ṣe, wákàtí tó ń lò lọ́sẹ̀, iye tó ń gbà lóṣù. Wọ́n á fọwọ́ sí i, wọ́n á lu òǹtẹ̀ lé e, ó parí. Àmọ́ ta ni yóò kọ lẹ́tà fún ọ̀gá fúnra rẹ̀? Ta ni yóò jẹ́rìí fún onídìrí tó ni ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀ ní Mólípà, fún wẹ́dà tó dá dúró ní apá gáréèjì Ìbàdàn, fún ayàwòrán tí kò gba owó oṣù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí? Ìbéèrè yìí ló ń gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn wá sí ọ́fíìsì mi ní Ìjẹ̀bú-Òde. Oníṣirò owó ni mí. Ìwé owó àti owó orí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti àwọn oníṣòwò kéékèèké ni iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe bọ̀ láti ìgbà èwe mi. Èmi kì í ṣe agbẹjọ́rò, n kì í sì í bá ẹnikẹ́ni kọ ìwé ìrìnnà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí jápa ti gbòde, ìwé tí mo ń ṣe ni wọ́n fẹ́ fi hàn ní Kánádà.

Ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ mú jáde nínú fáìlì wọn ni ìwé ìbúra tí wọ́n gbà ní kọ́ọ̀tù. Ewé ìwé kan ṣoṣo, òǹtẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, iṣẹ́ ọdún mẹ́wàá nínú rẹ̀: èmi Lágbájá búra pé mo ti ń ṣiṣẹ́ irun láti ọdún báyìí títí di òní. N kì í bá wọn wí. Bí a ṣe ń ṣe é nílùú wa nìyẹn. Bí ìwé ẹ̀rí bá sọnù, kọ́ọ̀tù ni. Bí obìnrin bá fẹ́ yí orúkọ padà, kọ́ọ̀tù ni. Ẹni tí wọn kò kọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ sílẹ̀, kọ́ọ̀tù náà ni. Ó ti mọ́ wa lára pé ohun tí a bá ti búra lé lórí ti di òótọ́ lójú ìjọba. Àmọ́ iléeṣẹ́ ìjọba Kánádà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn aṣíkiri kọ ọ́ sínú ìlànà rẹ̀, láìfi igbá kan bọ̀kan nínú, pé àlàyé tí ènìyàn ṣe fúnra rẹ̀ nípa iṣẹ́ tó ń dá ṣe, àti ìwé ìbúra, kì í ṣe ẹ̀rí tí àwọn yóò gbà. Ohun mẹ́ta ni wọ́n ń béèrè: ẹ̀rí pé ẹni náà ló ni iṣẹ́, ẹ̀rí owó tó ń wọlé láti inú iṣẹ́ náà, àti ìwé láti ọwọ́ àwọn ẹlòmíràn, tó sọ iṣẹ́ tó ṣe fún wọn àti bí wọ́n ṣe san owó rẹ̀.

Àwọn kan máa ń ka èyí sí ìwọ̀sí. Wọ́n á ní òyìnbó kò gba ìbúra ènìyàn dúdú gbọ́. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀, nítorí òfin kan náà ló de ẹni tó ń bọ̀ láti Íńdíà àti ẹni tó ń bọ̀ láti ilẹ̀ Faransé. Nílé ẹjọ́ àwọn baba wa pàápàá, ẹlẹ́jọ́ kì í rojọ́ tán kó tún jẹ́ ẹlẹ́rìí ara rẹ̀. Wọ́n á béèrè ẹni tó wà níbẹ̀. Ẹnìkan kì í jẹ́ “àwá dé”. Ẹni tó ń dá iṣẹ́ ara rẹ̀ ṣe kò sì dá wà rárá. Ẹni tó ń ta àtáṣímẹ́ǹtì fún onídìrí mọ̀ ọ́n, ẹni tó ni ilé tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà mọ̀ ọ́n, ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n, báǹkì mọ̀ ọ́n, ìjọba tó ń gba owó orí yẹ kó mọ̀ ọ́n, àwọn oníbàárà sì mọ̀ ọ́n ju gbogbo wọn lọ. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ fi àròkọ yìí sọ ni pé kí oníṣẹ́ ọwọ́ jẹ́ kí àwọn tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ máa fi ìwé jẹ́rìí sí i nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́. Bí ìrìn àjò bá ti dé kó tó máa wá ẹ̀rí, ó ti pẹ́.

Ọdún 1967 ni Kánádà ti ń fi máàkì yan àwọn oníṣẹ́ tó fẹ́ wá fi ibẹ̀ ṣe ilé. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2015 ni wọ́n gbé ètò Express Entry kalẹ̀, tó kó ọ̀nà mẹ́ta pọ̀. Ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Federal Skilled Worker máa ń ka iṣẹ́ ara ẹni tí a ṣe lẹ́yìn odi Kánádà, ìyẹn èyí tí a ṣe níbí, mọ́ ìrírí. Ọ̀nà kejì, Canadian Experience Class, wà fún ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ní Kánádà, kì í sì í sábà ka iṣẹ́ ara ẹni. Ọ̀pọ̀ ló gbọ́ ti èkejì yìí lẹ́nu ọ̀rẹ́ tó wà lọ́hùn-ún, tó sì gbà pé iṣẹ́ òun kò wúlò, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀nà tí kò kàn án ni wọ́n ń sọ fún un.

Lọ́nà Federal Skilled Worker, ó kéré tán, ìrírí ọdún kan gbáko tí kò já ni wọ́n ń béèrè, lẹ́nu iṣẹ́ kan náà, nínú ọdún mẹ́wàá tó ṣáájú. Wọ́n ka ọdún náà sí wákàtí 1,560, tí í ṣe 30 wákàtí lọ́sẹ̀. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 60 lọ́sẹ̀ kò lè fi oṣù mẹ́fà parí ọdún kan, nítorí wọn kì í ka wákàtí tó bá ju 30 lọ nínú ọ̀sẹ̀ kan. Ìrírí ọdún kan máa ń mú máàkì 9 wá, ti ọdún mẹ́fà sókè máa ń mú 15, nínú 100 tí ẹni náà ti gbọ́dọ̀ ní 67 ó kéré tán. Èdè, ẹ̀kọ́ ìwé àti ọjọ́ orí wà lára àwọn ohun tó kó ìyókù. Àwọn òfin wọ̀nyí ń yí padà, nítorí náà ìkànnì ìjọba Kánádà fúnra rẹ̀ ni kí ènìyàn máa kà. Bí ènìyàn bá sì fẹ́ sanwó fún ìmọ̀ràn, agbẹjọ́rò Kánádà tàbí ẹni tí College of Immigration and Citizenship Consultants fún ní ìwé àṣẹ ni kó wá, kì í ṣe ẹnikẹ́ni tó bá ti lẹ àwòrán ọkọ̀ òfuurufú mọ́ ara ògiri.

Kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí kó ìwé jọ, ó yẹ kó kọ́kọ́ mọ ibi tí Kánádà to iṣẹ́ rẹ̀ sí. Wọ́n ní ìwé ńlá kan, National Occupational Classification, tó pín gbogbo iṣẹ́ sí ìpele láti 0 dé 5. Ìpele 0, 1, 2 àti 3 nìkan ni Federal Skilled Worker ń gbà. Wẹ́dà wà ní ìpele 2. Onídìrí, agẹrun àti ayàwòrán wà ní ìpele 3. Télọ̀ wà lára àwọn tí wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀, àmọ́ nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí lo ìwé tuntun ní ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìpele 4 ni télọ̀ bọ́ sí, ọ̀nà náà sì dí. Ní ìlú tiwa yìí, níbi tí télọ̀ kì í ti í sùn bí Iléyá bá ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ nítorí aṣọ ayẹyẹ Ojúde Ọba, ìròyìn yẹn dun ọ̀pọ̀ ilé.

Láti ìgbà náà ni àwọn kan ti ń wá bá mi pé kí n kọ “fashion designer” sínú ìwé àwọn, nítorí pé iṣẹ́ ẹni tó ń gbé àrà aṣọ kalẹ̀ wà ní ìpele 3. Ìbéèrè tí mo máa ń bi wọ́n ni pé, kí ni ẹ ń ṣe láti àárọ̀ dalẹ́? Bó bá jẹ́ pé oníbàárà ló ń mú aṣọ àti àwòrán wá, tí ẹ ń wọ̀n, tí ẹ ń gé, tí ẹ ń rán, iṣẹ́ télọ̀ nìyẹn, kò sì sí ohun ìtìjú nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ń ya àrà sórí ìwé, tí ẹ ń gé pátánì, tí ẹ ń yan aṣọ, tí àwọn mìíràn sì ń rán an lábẹ́ yín, àwọn ìwé àwòrán yẹn dà? Owó tí ẹ ń san fún àwọn tó ń rán an dà? Orúkọ tí a kọ sára pátákó ṣọ́ọ̀bù kò jẹ́ nǹkan kan lójú wọn. Iṣẹ́ tí ọwọ́ ń ṣe ni wọ́n fi ń wé ohun tó wà nínú ìwé wọn.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún ìyá tó ń tajà ní ọjà Òkè-Ajé. Ẹni tó ń dúró ta ọjà wà ní ìpele 4. Ẹni tó ń darí ilé ìtajà, tó ń gba òṣìṣẹ́, tó ń pinnu ọjà tí wọn yóò rà, ibi tí wọn yóò ti rà á àti iye tí wọn yóò tà á, wà ní ìpele 0. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá wa ló ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì pọ̀, èyí kejì sì ni wọ́n ń lo orí wọn fún jù. Ṣùgbọ́n nínú ìwé wọn, kò sí ohun tó fi hàn pé wọ́n ń darí ẹnikẹ́ni. Wọ́n ń sanwó fún ọmọọṣẹ́ láì kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n ń bá oníṣòwò Èkó dúnàá-dúrà lórí fóònù láì gba rísíìtì. Ọ̀gá ni wọ́n lójú gbogbo ọjà, ìwé ni kò mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá mú ohun mẹ́ta tí wọ́n ń béèrè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èkíní ni ẹ̀rí pé ẹni náà ló ni iṣẹ́. Ìwé CAC ni gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ máa ń rántí, ìyẹn Corporate Affairs Commission tí òfin CAMA ti ọdún 1990 dá sílẹ̀, tí òfin tuntun ti ọdún 2020 sì ń darí nísinsìnyí. Ìwé tó dára ni. Àmọ́ kò lè sọ ju ohun tó mọ̀ lọ. Ẹni tó ṣí ṣọ́ọ̀bù ní 2016, tó sì jẹ́ pé 2023 ló tó forúkọ sílẹ̀, 2023 ni CAC yóò jẹ́rìí sí. Ọdún méje tó ṣáájú kò sọnù, ibòmíràn ni ẹlẹ́rìí wọn wà. Rísíìtì owó ṣọ́ọ̀bù tí onílé ń kọ lọ́dọọdún wà níbẹ̀. Ìwé àṣẹ tí ìjọba ìbílẹ̀ ń gbowó lé lórí wà níbẹ̀. Káàdì ẹgbẹ́ wà níbẹ̀, àti rísíìtì ẹ̀rọ tí a fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Èyí tí àwọn ènìyàn kì í kà sí, tí èmi sì fẹ́ràn jù, ni ìwé fìrídọ̀mù. Ọ̀gá tó kọ́ni níṣẹ́ ló fọwọ́ sí i, ẹgbẹ́ ló jẹ́rìí sí i, ọjọ́ tí ìkọ́ṣẹ́ parí wà lára rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń ro ti Kánádà lọ́jọ́ tí wọ́n fún un. Ìwé tí a kọ nígbà tí kò sí ìdí láti purọ́ máa ń ní agbára ju èyí tí a kọ nítorí ìrìn àjò lọ.

Èkejì ni owó. Ibí ni ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ti ń bàjẹ́. Iṣẹ́ wa jẹ́ iṣẹ́ owó lọ́wọ́: oníbàárà san án, a kò tíì fi í bọ àpò, ó ti di ẹran àti gáàsì kí ilẹ̀ tó ṣú. Láti ìgbà tí BVN ti dé ní 2014, àkáǹtì ti rọrùn láti so mọ́ ẹni tó ni ín, àmọ́ àkáǹtì kò wúlò bí owó iṣẹ́ kò bá gba inú rẹ̀ kọjá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí wọ́n pààrọ̀ owó náírà tí owó sì di àwátì lẹ́nu POS, àwọn tí kò fẹ́ gba tíránsífà rí kò ní ọgbọ́n mìíràn mọ́. Onídìrí lẹ nọ́ḿbà àkáǹtì mọ́ dígí. Afọmọ́tò kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn. Ìyà ni àsìkò náà jẹ́ fún gbogbo wa, ṣùgbọ́n bí mo bá ń wo àkọsílẹ̀ báǹkì àwọn tó ń wá bá mi nísinsìnyí, àsìkò yẹn gan-an ni mo máa ń rí i pé iṣẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí hàn: owó kéékèèké, lójoojúmọ́, láti ọwọ́ onírúurú ènìyàn. Bí owó iṣẹ́ ọwọ́ ṣe ń rí gan-an nìyẹn. Owó ńlá kan ṣoṣo tó já wọlé lóṣù tó ṣáájú ìrìn àjò kò jọ ọ́.

Ohun tí mo ń bẹ gbogbo oníṣẹ́ ọwọ́ fún ni kí wọ́n ya àkáǹtì iṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ti ilé. Àkáǹtì tí owó irun, owó ìyàwó àbúrò, owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ àti owó àjọ jọ ń gbà kọjá máa ń kó ìdààmú bá ẹni tó bá fẹ́ kà á, bóyá ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí ní Ottawa. Bí oníbàárà bá sì ń ṣe tíránsífà, kí a bẹ̀ ẹ́ kó kọ ohun tó ń sanwó fún sí i. Ọ̀rọ̀ méjì péré, “owó irun” tàbí “owó géètì”, lè sọ owó di ẹ̀rí.

Owó orí ńkọ́? Ogun State Internal Revenue Service ni ìjọba ìpínlẹ̀ wa gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Ìwé tí gbogbo ayé ń pè ní tax clearance máa ń sọ owó tí ènìyàn rí àti owó orí tó san ní ọdún mẹ́ta tó ṣáájú. Ọ̀pọ̀ ló ń sá fún un títí di ọjọ́ tí wọ́n nílò rẹ̀, wọ́n á wá san ti ọdún mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìjọba yóò gba owó náà, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n san án wà lára rísíìtì, ẹni tó bá sì kà á yóò béèrè ìdí tí ọdún mẹ́ta fi ní ọjọ́ kan. Ẹ máa san án lọ́dọọdún, bó ti wù kó kéré tó. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2026, lábẹ́ Nigeria Tax Act ti ọdún 2025, 800,000 náírà àkọ́kọ́ nínú owó tí owó orí kàn lọ́dún kò ní owó orí lórí. Ẹni tí èrè rẹ̀ kò pọ̀ kò ní ìdí láti bẹ̀rù àtisọ iye tó ń rí.

Àwọn ìyá wa máa ń mú káàdì àjọ wá, pàápàá àwọn tó ti ń dá àjọ lọ́wọ́ alájọ kan náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo mọ iyì káàdì yẹn. Ó fi hàn pé ẹni náà ń rí owó lójoojúmọ́, pé kì í fi iṣẹ́ ṣeré. Ṣùgbọ́n owó tí a fi pamọ́ ni káàdì àjọ ń sọ, kò sọ ibi tí owó ti wá. Nítorí náà mo máa ń fi í sí ẹ̀yìn àkọsílẹ̀ báǹkì kó fi kún un, n kì í fi í rọ́pò rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni lẹ́tà àwọn ẹlòmíràn, òun ló sì nira jù, nítorí a kò mọ bí a ti ń kọ ọ́. Lẹ́tà tí wọ́n sábà máa ń mú wá ni èyí tó ń yin ènìyàn: ó mọṣẹ́, ó bẹ̀rù Ọlọ́run, ọmọlúàbí ni, a gbà pé yóò ṣe dáadáa níbikíbi. Ìyìn dára, ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan nípa iṣẹ́. Lẹ́tà tó wúlò máa ń sọ ẹni tó kọ ọ́ àti bí wọ́n ṣe lè rí i, iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún ẹni náà, ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó parí, bí ó ṣe ń ṣe é léraléra tó, iye tí wọ́n san àti ọ̀nà tí wọ́n gbà san án. Hòtẹ́ẹ̀lì tí wẹ́dà ṣe géètì àti irin ojú fèrèsé fún lè kọ ọ́. Iléèwé tí ayàwòrán ń yà fún lọ́dọọdún lè kọ ọ́. Ẹni tó ń ta ọjà fún oníṣẹ́ náà lè kọ ọ́, nítorí ẹni tó bá ń ra àpò àtáṣímẹ́ǹtì lóṣooṣù kì í fi í ṣeré.

Ẹ jẹ́ ká fi ayàwòrán kan ṣe àpẹẹrẹ. Ojúde Ọba máa ń bọ́ sí ọjọ́ kẹta Iléyá, oríṣiríṣi rẹ̀gbẹ́rẹ̀gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn súnmọ́ra, á sì jáde pẹ̀lú aṣọ wọn láti kí Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú. Rẹ̀gbẹ́rẹ̀gbẹ́ kan gbé iṣẹ́ àwòrán wọn fún un. Akọ̀wé ẹgbẹ́ fi WhatsApp ránṣẹ́ pé òun ni àwọn yóò lò. Ayàwòrán náà kọ ìwé owó fún wọn. Wọ́n fi ìdajì ránṣẹ́ láti inú àkáǹtì ẹgbẹ́ kí ọjọ́ náà tó pé, wọ́n san ìyókù nígbà tí wọ́n gba àwọn àwòrán náà. Fáìlì àwòrán kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ àti wákàtí tí a yà á nínú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, akọ̀wé kọ lẹ́tà pé ẹgbẹ́ àwọn ti ń lo ayàwòrán yìí láti ọdún báyìí, iye báyìí ni àwọn san lọ́dún yìí. Ẹ wò ó: ọ̀rọ̀ WhatsApp, ìwé owó, àkọsílẹ̀ báǹkì, fáìlì àwòrán, lẹ́tà. Ọ̀nà márùn-ún ni wọ́n ti wá, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń sọ. Agbára ẹ̀rí wà níbẹ̀. Kò sí èyí tó pé tán nínú wọn bí a bá mú un ní òun nìkan, ṣùgbọ́n nígbà tí ọjọ́ bá ọjọ́ mu, tí iye bá iye mu, ẹni tó ń kà á kò ní ohun tó lè ṣe ju kó gbà lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń ṣiṣẹ́ báyìí ṣe lè fi 30 wákàtí lọ́sẹ̀ hàn pẹ̀lú, nítorí ìwé tó ń ka àwọn iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tí owó báǹkì sì tẹ̀ lé e, yóò sọ wákàtí náà fúnra rẹ̀.

Kí ló dé tí àwọn ènìyàn kì í fi í béèrè lẹ́tà yìí lásìkò? Mo mọ ìdí rẹ̀, nítorí wọ́n máa ń sọ ọ́ fún mi pẹ̀lú ohùn kékeré. Wọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé àwọn ń rìnrìn àjò. Nílẹ̀ wa, a kì í sọ ìrìn àjò síta kó tó yọrí, nítorí àwọn ayé. Nítorí náà wọ́n á pa á mọ́ra títí lẹ́tà ìkésíni yóò fi dé láti Kánádà. Ọjọ́ 60 ni wọ́n ń fún ẹni tí wọ́n bá ké sí láti kó gbogbo ìwé rẹ̀ sílẹ̀. Ìgbà náà ni wọn yóò wá máa sáré lọ bá oníbàárà ọdún kẹfà sẹ́yìn, ẹni tó ti kó lọ sí Àbújá, tàbí tó ti kú. Ohun tí mo ń sọ fún wọn rọrùn: ẹ máa gba lẹ́tà nígbà tí iṣẹ́ bá parí, tí inú oníbàárà ṣì dùn. Ẹ ní ẹ fẹ́ fi í sínú fáìlì iṣẹ́ yín, kí oníbàárà mìíràn lè rí i. Òótọ́ sì ni. Kò sí ìdí kan tí ẹ fi gbọ́dọ̀ dárúkọ Kánádà níbẹ̀, nítorí kì í ṣe ti Kánádà nìkan.

Ọ̀rọ̀ èdè tún wà. Ọ̀pọ̀ ìwé wa, rísíìtì ọjà, ìwé ìpàdé ẹgbẹ́, àdéhùn ìkọ́ṣẹ́, ni a fi Yorùbá kọ, ó sì yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Kánádà kò ní ká má fi Yorùbá kọ ọ́; ohun tí wọ́n ń béèrè ni ìtumọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì tàbí Faransé láti ọwọ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ náà, pẹ̀lú ẹ̀dà ìwé náà gan-an. Ẹni tó ń lọ kò gbọ́dọ̀ túmọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹbí rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ túmọ̀ rẹ̀. Bí olùtumọ̀ náà kò bá ní ìwé àṣẹ iṣẹ́ ìtumọ̀ ti Kánádà, yóò búra pé òun túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ibí yìí ni ìwé ìbúra ti wúlò, nítorí ẹlòmíràn ni ó ń búra, lórí ohun tí òun fúnra rẹ̀ ṣe.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti irọ́ pẹ̀lú. Àwọn kan wà tó ń ta rísíìtì ọdún tó ti kọjá, tó ń gé òǹtẹ̀ iléeṣẹ́ tí kò sí, tó ń kọ lẹ́tà oníbàárà tí ẹnikẹ́ni kò rí rí. Lábẹ́ òfin Kánádà, ẹni tí wọ́n bá rí irọ́ nínú ìwé rẹ̀ kò ní láṣẹ láti wọ orílẹ̀-èdè náà fún ọdún márùn-ún. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Ṣùgbọ́n ohun tó ń dùn mí jù kì í ṣe ti òpùrọ́ pátápátá. Ti ẹni tó ní òótọ́ lọ́wọ́ ló ń dùn mí. Obìnrin tó ti dirun fún ọdún mẹ́wàá, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú nítorí ìdúró, tí ọmọọṣẹ́ tó ti gba fìrídọ̀mù lọ́wọ́ rẹ̀ kò níye, tí ìwé rẹ̀ wá dín díẹ̀, tí ẹnì kan sì sọ fún un pé kó fi ayédèrú méjì kún un kó lè pọ̀. Ayédèrú méjì yẹn ni wọn yóò rí, gbogbo ọdún mẹ́wàá náà yóò sì di irọ́ lójú wọn. Ó sàn kí ó ka ọdún mẹ́ta tó ní ẹlẹ́rìí, kó gba máàkì 11, ju kó ka mẹ́wàá kó sì pàdánù orúkọ rẹ̀. Mo máa ń kọ̀ láti fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀, n ó sì máa kọ̀ ọ́.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń wá bá mi kò ní lọ. Ti èdè yóò dá àwọn kan dúró, ti ọjọ́ orí yóò dá àwọn mìíràn dúró, àwọn mìíràn yóò sì yí ọkàn padà. Síbẹ̀, mi ò rí ẹnì kankan nínú wọn tí ìwé tó kó jọ pa lára. Ìwé kan náà ni báǹkì àti ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ń béèrè kí wọ́n tó yáni lówó. Òun kan náà ló ń sọ fún oníṣẹ́ bóyá ó ń jèrè tàbí ó kàn ń ṣe làálàá lásán. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ ló sì ti kú nílùú yìí tí ìyàwó àti ọmọ wọn kò mọ ẹni tó jẹ wọ́n lówó, kò sì sí ìwé tí wọ́n lè fi bi ẹnikẹ́ni. Ìjẹ̀bú ti ń dá òwò ara rẹ̀ ṣe tipẹ́ kí òyìnbó tó dé. Ọwọ́ wa ni ọ̀nà ọjà láti etí ọ̀sà sí òkè wà, títí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi fi ogun ṣí i ní 1892. Ìlú tí iṣẹ́ ara ẹni ti jẹ́ iyì rẹ̀ látayébáyé kò yẹ kó jẹ́ pé ìwé ìbúra ewé kan ni ọmọ rẹ̀ yóò fi máa jẹ́rìí sí iṣẹ́ ayé rẹ̀.

Iṣẹ́ náà kò sì yẹ kó wà lọ́rùn ẹnì kọ̀ọ̀kan nìkan. Mo ń bẹ àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹgbẹ́ onídìrí, ẹgbẹ́ wẹ́dà, ẹgbẹ́ ayàwòrán, ẹgbẹ́ télọ̀, àti gbogbo àwọn tó kù: ẹ ní ìpàdé, ẹ ní alága, ẹ ní akọ̀wé, ẹ ń gba owó ẹgbẹ́. Ẹ ṣí ìwé orúkọ tó ní ọjọ́ tí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣí ṣọ́ọ̀bù, àdírẹ́sì rẹ̀, iṣẹ́ tó ń ṣe gan-an, àti àwọn ọmọọṣẹ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì máa tún un kọ lọ́dọọdún. Ẹ kọ ọjọ́ sára gbogbo rísíìtì owó ẹgbẹ́. Ní ọjọ́ fìrídọ̀mù, nígbà tí ẹ bá ń fún ọmọ ẹgbẹ́ tuntun ní ìwé ẹ̀rí àti àdúrà, ẹ fún un ní ìwé owó òfìfo kan pẹ̀lú, kí ẹ sì kọ́ ọ bí wọ́n ti ń kọ ọ́ kó tó gba oníbàárà àkọ́kọ́. Bí ó bá di ọjọ́ kan tí ọmọ náà fẹ́ lọ sí Kánádà, tàbí tó fẹ́ yá owó ra ẹ̀rọ, tàbí tó fẹ́ fi iṣẹ́ lé ọmọ tirẹ̀ lọ́wọ́, ẹgbẹ́ ni yóò jẹ́ ẹlẹ́rìí rẹ̀ àkọ́kọ́, kò sì ní sí ìdí fún un láti lọ búra ní kọ́ọ̀tù.